Kangarúù ayé àtijọ́: agbolé wo lẹ máa fi bírò kọ, èwo lẹ máa fi pẹ́ńsù kọ?

Ọmọ àbúrò mi kan ló kó mi síṣẹ́ yìí o. Wọ́n ní kí wọ́n lẹ àwòrán àwọn ẹranko tó ti pa run mọ́ páálí nílé ìwé, kí wọ́n sì kọ agbolé tí kálukú ti wá sábẹ́ ẹ̀, lọmọ bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ó rí àwòrán mẹ́rin, ó lẹ gbogbo ẹ̀, ó fi bírò kọ "kangarúù ńlá" sábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan nínú wọn ò ju ajá kékeré lọ, eyín ṣóńṣó sì yọ lẹ́nu ẹ̀ bíi ti ológbò. Ọ̀kan, ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní bí ẹṣin. Ọ̀kan ní eyín tó rí bí ayùn. Èyí tó kù, kí n má purọ́, èmi gan-an ò kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ sí kangarúù tòní. Mo ní kó gé páálí tuntun, kó sì mú pẹ́ńsù wá pẹ̀lú bírò ẹ̀, torí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn orúkọ kan wà tó ti dúró gbọin, àwọn kan sì wà tí wọ́n lè yí padà kí ọmọ náà tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Ká kọ́kọ́ mọ èdè tá a ń sọ ná. Orúkọ tó bá parí sí -idae, agbolé ni. Èyí tó bá parí sí -inae, ojúlé kan ni nínú agbolé. Orúkọ méjì tó tẹ̀ léra, bíi Procoptodon goliah, èyí àkọ́kọ́ dà bí orúkọ bàbá, èkejì lorúkọ ọmọ. Gbogbo àwọn tá a máa mẹ́nu bà níbí, ẹranko alápò ni wọ́n, tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, ilẹ̀ Ọsirélíà àti New Guinea ni gbogbo wọn gbé.

Ẹni tó bá ń kánjú, kó gbé èyí lọ. Tó bá kéré, tó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 10, tó ní eyín ṣóńṣó lókè ẹnu, Balbaridae ni kẹ́ ẹ kọ. Tójú ẹ̀ bá kúrú tó ga bí ẹni tí wọ́n gbá nímú, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sì ní ìka kan ṣoṣo, Sthenurinae. Tó bá tóbi, àmọ́ tójú ẹ̀ gùn bíi ti kangarúù tòní, tí apá ẹ̀ ki, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ẹ lọ wo Protemnodon. Tí eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ bá tóbi tó ní ìlà-ìlà bí ayùn, Propleopinae. Ẹni tó ráyè, kó jókòó, torí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Balbaridae tàbí Bulungamayinae

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti pẹ́ gan-an, láti bíi mílíọ̀nù ọdún 25 sẹ́yìn, méjèèjì ò tóbi, inú igbó kan náà ni wọ́n jọ gbé. Riversleigh ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú wọn, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Queensland, ilẹ̀ tó gbẹ kanrinkanrin lónìí àmọ́ tó jẹ́ igbó kìjikìji láyé ìgbà tiwọn, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 1994. Inú òkúta ẹfun legungun wọn há sí. Wọn ò kàn lè fi òòlù fọ́ ọ, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ òkúta yẹn sínú ásíìdì tí ò le, òkúta á máa yòrò díẹ̀díẹ̀, egungun àgbọ̀n tí ò ju ìka èèyàn lọ á wá yọjú pẹ̀lú gbogbo eyín ẹ̀. Iṣẹ́ onísùúrù ni.

Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Flannery, Archer àti Plane, sọ ẹgbẹ́ méjèèjì lórúkọ. Balbarinae ni wọ́n pe ti àkọ́kọ́ nígbà yẹn, ojúlé lásán, wọ́n sì fi í sínú Macropodidae tó jẹ́ agbolé kangarúù tòní. Bulungamayinae, wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ Potoroidae, àwọn kangarúù pínníṣín tó jọ eku. Kí ni wọ́n rí? Eyín ni.

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ mú eyín ẹ̀yìn kangarúù, èyí tó fi ń lọ oúnjẹ, ẹ fìka gba orí ẹ̀ kọjá láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìka yín á gun ebè kan, á bọ́ sí poro, á tún gun ebè kejì. Ebè méjì tó dábùú eyín, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Bí ti kangarúù tòní ṣe rí nìyẹn, bí ti Balbaridae náà ṣe rí nìyẹn. Ti Bulungamaya kò rí bẹ́ẹ̀, ebè ẹ̀ ò tíì ga dáadáa, ó ṣì ní kókó-kókó lórí. Ẹni tó bá wo èyí á sọ pé ó tán, Balbaridae ni bàbá kangarúù, kí tún ni?

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bernard Cooke ló jókòó ti eyín yẹn ní àwọn ọdún 1990. Kò wo bóyá ebè wà, ó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, láti orí kókó wo ni ebè ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ tó fi dé kókó wo. Ó wá rí i pé ibi tí Balbaridae ti wa erùpẹ̀ tó fi kọ ebè tiẹ̀ kọ́ ni àwọn baba ńlá kangarúù tòní ti wa tiwọn. Kálukú ló dá tiẹ̀ kọ. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ rí èèyàn méjì tí wọ́n kọ pélé kan náà sójú, ẹ rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ wá bèèrè, ẹ gbọ́ pé wọn ò bára tan, olóòólà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́ fún wọn. Láti ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ti yí. Ní 2001, Kear àti Cooke gbé Balbaridae jáde kúrò nílé Macropodidae, wọ́n fún un ní agbolé tiẹ̀, ó wá jẹ́ pé àwọn Bulungamayinae tí wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ eléku ni wọ́n sún mọ́ kangarúù tòní. Ayé yí po.

Èwo lẹ máa mú? Balbaridae bí agbolé tó dá dúró, ẹ fi bírò kọ ọ́. Ohun tẹ́ ẹ máa fi pẹ́ńsù kọ ni ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ gan-an, torí egungun tó pẹ́ tó yìí ò lè ní DNA, ohun àjogúnbá inú ara tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó bára tan, kankan tó ṣẹ́ kù, eyín àti egungun nìkan la ní, àwa náà sì ti rí bí eyín ṣe ń tanni. Bulungamayinae ńkọ́? Pẹ́ńsù ni, kẹ́ ẹ má tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ojúlé yẹn ti ń tú ká, Ganguroo àti Cookeroo tí ìwé àtijọ́ á kà mọ́ ọn, ìsàlẹ̀ igi Macropodidae ni wọ́n ń fi wọ́n sí báyìí. Cookeroo yẹn, 2016 ni Kaylene Butler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Cooke tá a ń sọ yìí náà ni wọ́n fi dá lọ́lá.

Báwo lẹ ṣe máa dá Balbaridae mọ̀ nínú àwòrán? Eyín ṣóńṣó òkè yẹn ni. Ọ̀kan wà tí Cooke sọ ní Balbaroo fangaroo ní 2000, orúkọ àpanilẹ́rìn-ín ni, torí "fang" lèdè Gẹ̀ẹ́sì ni eyín ṣóńṣó yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹran ló fi ń jẹ o, eyín tó kù lẹ́nu ẹ̀ fi hàn kedere pé ohun tó hù látilẹ̀ ló ń jẹ. Àmì kejì wà lẹ́sẹ̀. Ní 2007 wọ́n ṣàlàyé egungun kan láti Riversleigh tó pé díẹ̀, wọ́n pè é ní Nambaroo gillespieae, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èyí tí kangarúù tòní ò ní mọ́, wọ́n sì rò pé kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì afò-bí-ọ̀pọ̀lọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn, ó sì ṣeé ṣe kó máa fà mọ́ igi. Ẹranko kan náà yìí lẹ tún máa rí níbòmíì tí wọ́n pè ní Ganawamaya gillespieae. Ẹ má ṣe kà á ní méjì. Ní 2018 ni wọ́n tún àwọn orúkọ bàbá yẹn yẹ̀ wò, tó bọ́ sọ́dọ̀ Ganawamaya. Ọmọ náà ti kọ méjèèjì sórí páálí kí n tó rí i.

Sthenurinae lẹ́gbẹ̀ẹ́ kangarúù tòní

Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì síra. Ti kangarúù tòní, ìka kan gùn tó ki láàárín, òun ni kẹrin, karùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó kéré, ìkejì àtìkẹta wá tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, awọ kan ṣoṣo ló wé méjèèjì pọ̀, èékánná méjì ló yọ lórí ẹ̀, ìyẹn ló fi ń ya irun ara ẹ̀ bíi kóòmù. Ẹ wá wo ti Procoptodon. Ìka kẹrin yẹn nìkan ló kù, èékánná orí ẹ̀ sì ti fẹjú bíi pátákò. Kò tún sí kóòmù mọ́.

Ẹ wo ojú. Ti kangarúù tòní gùn wá síwájú bíi ti àgbọ̀nrín, ti Sthenurinae kúrú, ó ga, àgbọ̀n ẹ̀ ki, ojú méjèèjì sì kọ iwájú. Ọwọ́ ńkọ́? Ìka méjì àárín ti Procoptodon gùn ju ìyókù lọ pẹ̀lú èékánná ńlá, bí kọ́nga, ó lè na apá sókè kọjá orí kó fi fa ẹ̀ka igi wálẹ̀. Kangarúù tòní ò lè na apá báyẹn. Procoptodon goliah ló tóbi jù nínú gbogbo kangarúù tá a tíì mọ̀, ó tó mítà 2 lóòró, ìwọ̀n ẹ̀ lé ní kílò 200, bẹ́ẹ̀ akọ kangarúù pupa tòní tó bá tóbi gan-an, bíi kílò 90 ni. Richard Owen ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1845 láti London, ọkùnrin yẹn ò fẹsẹ̀ kan Ọsirélíà rí, eyín àti egungun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i lójú òkun, Macropus goliah ló sì kọ́kọ́ pè é, bí ẹni pé kangarúù tòní tó kàn sanra ni.

Ṣé ó ń fò? Christine Janis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ ní 2014 pé àwọn tó tóbi nínú wọn ò lè máa fò káàkiri bíi tòní, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé kejì ni wọ́n fi ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n ní ìbàdí ẹ̀, egungun itan ẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ jọ ti ẹni tó ń gbé ara lé ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀. Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má fi ìrìn dá agbolé mọ̀, ẹsẹ̀ àti ojú ni kẹ́ ẹ wò.

Níbi tẹ́ ẹ ti máa yan orúkọ bàbá nínú Sthenurinae, iṣẹ́ ńlá tí Gavin Prideaux ṣe ní 2004 ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kẹ́ ẹ má lọ wá èyí tó ṣáájú ẹ̀. Sthenurus ni tojú ẹ̀ gùn díẹ̀, Simosthenurus àti Procoptodon ni tojú wọn kúrú. Ẹranko tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Sthenurus occidentalis ti di Simosthenurus occidentalis. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé Procoptodon gilli tiẹ̀ wà níbẹ̀, kékeré ni, ara àwọn tó kéré jù nínú gbogbo ojúlé yẹn ló wà, torí náà ẹni tó bá rí "Procoptodon" kó má sáré kọ "òmìrán" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oúnjẹ náà, ẹ má kọ pé ewé igi nìkan ni gbogbo wọn ń jẹ torí ojú wọn kúrú, Prideaux àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ eyín Procoptodon goliah wò, wọ́n sọ ní 2009 pé ewé igbó oníyọ̀ tó ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ ló gbádùn.

Sthenurinae bí ojúlé nínú Macropodidae, bírò. Kò tún sí ìjà níbẹ̀.

Ìjà tó wà, ọ̀rọ̀ ẹni kékeré kan ni. Ẹranko kan wà láàyè tó ń jẹ́ Lagostrophus fasciatus, kò ju bíi kílò méjì lọ, àwọn ìlà dúdú dábùú ẹ̀yìn ẹ̀ bí aṣọ òfì. Ó ti tán lórí ilẹ̀ ńlá, erékùṣù Bernier àti Dorre ní Shark Bay, lápá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ló kù sí kí wọ́n tó ń dá a padà sáwọn ibòmíì. Ní àwọn ọdún 1980, Flannery wo eyín àti orí ẹ̀, ó ní Sthenurinae ló kù yìí o, àrẹ̀mọ ojúlé tó ti pa run. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí nìyẹn, ta ni ò ní fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Àmọ́ DNA ò bá wọn ṣeré. Ní 2010, Prideaux àti Natalie Warburton fún un ní ojúlé tiẹ̀, Lagostrophinae. Ní 2015, Bastien Llamas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí DNA gbà látinú egungun Simosthenurus occidentalis kan tó ti inú ihò ilẹ̀ ní Mount Cripps, Tasmania, ibẹ̀ tutù ló jẹ́ kó ṣẹ́ kù, wọ́n fi wé tàwọn alààyè, ó wá hàn pé Sthenurinae sún mọ́ kangarúù tòní ju bó ṣe sún mọ́ Lagostrophus lọ. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ pé Sthenurinae kan ṣì wà láàyè, ìròyìn àná ni, ẹ fò ó. Troposodon náà, tí ìwé àtijọ́ kà mọ́ Sthenurinae, ọ̀dọ̀ Lagostrophinae ni wọ́n kó o sí báyìí, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìyẹn.

Protemnodon, èyí tí mo ti kọ́kọ́ ṣì mọ̀

Àwòrán kẹrin ọmọ yẹn nìyí. Ó tóbi, ojú ẹ̀ gùn, ẹni tí ò bá fara balẹ̀ á rò pé kangarúù tòní ni. Ẹ wo apá ẹ̀ àti ejìká, ó ki, ó lágbára, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá kúrú. DNA inú iṣẹ́ 2015 yẹn náà ti yanjú ibi tó wà: àárín Macropodinae gan-an ni, níbi tí kangarúù tòní wà, nítòsí Macropus fúnra ẹ̀. Bírò.

Kò sí ojúlé láti yàn fún un mọ́, irú ẹ̀ lẹ máa yàn, ibẹ̀ ló sì ti dàrú tẹ́lẹ̀, torí eyín kọ̀ọ̀kan ni Owen àtàwọn tó tẹ̀ lé e fi ń sọ ọ́ lórúkọ, eyín wọn sì jọra bí ẹ̀wà àti ẹ̀wà. Isaac Kerr àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó gbogbo egungun jọ, wọ́n tú u wò, ní 2024 wọ́n fi í sí irú méje, mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ tuntun: Protemnodon viator, P. mamkurra, P. dawsonae. P. viator lè tó kílò 170, ilẹ̀ gbígbẹ ló gbé, ó sì ń fò. P. mamkurra tóbi, ó ki, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sábà ń fi rìn. Ẹ rí i, bàbá kan náà, ìrìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi ìrìn dá agbolé mọ̀ nìyẹn. Ọ̀kan láti New Guinea tí wọ́n ń pè ní Protemnodon nombe tẹ́lẹ̀, Kerr àti Prideaux ti yọ ọ́ kúrò ní 2022, Nombe nombe ló ń jẹ́ báyìí, orúkọ bàbá àti tọmọ di ọ̀kan náà.

Propleopinae, eléyín ayùn

Mi ò ní pẹ́ níbí torí egungun tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. Propleopus oscillans ni àgbà wọn, De Vis ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1888 pẹ̀lú orúkọ míì tí ẹ̀dá kan ti ń jẹ́ ṣáájú, ni wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀. Ekaltadeta ti Riversleigh ló ṣáájú ẹ̀ láyé. Eyín ńlá onílà-ìlà yẹn ló mú kí wọ́n máa sọ pé ó ń jẹ ẹran mọ́ oúnjẹ ẹ̀, àwọn tó ń ya àwòrán wá gbé e lọ jìnnà, wọ́n yà á pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ẹ rọra.

Agbolé méjì ló ń du ú. Ìwé àtijọ́ á ní Potoroidae, ìwé tó tẹ̀ lé e á ní Hypsiprymnodontidae. Ẹni kan ṣoṣo tó kù láàyè nínú agbolé kejì yẹn ni Hypsiprymnodon moschatus, ó ń gbé inú igbó kìjikìji àríwá ìlà oòrùn Queensland, bíi ìdajì kílò ló wọ̀n, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ pé márùn-ún, kì í fi ẹsẹ̀ méjì fò rárá. Ẹ fi ọ̀gbẹ́ni pínníṣín yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Propleopus tó fi ọ̀pọ̀ ìgbà jù ú lọ, kẹ́ ẹ sọ pé ará ilé kan náà ni wọ́n, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìrísí eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tí eyín ṣe fún wa nílé Balbaridae? Èmi á mú Hypsiprymnodontidae, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ fi í sí, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ni, pẹ́ńsù tó fẹ́lẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ra ìwé tàbí tẹ́ ẹ wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tó jáde. Ìwé tó bá pe Balbaridae ní Balbarinae, ó ti pẹ́ ju 2001 lọ nìyẹn tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ẹ lè gbádùn àwòrán inú ẹ̀ àmọ́ ẹ má da orúkọ kọ. Ìwé tó bá fi Lagostrophus sí Sthenurinae, bákan náà.

Ọmọ àbúrò mi ti parí páálí ẹ̀. Mẹ́ta fi bírò, Propleopinae fi pẹ́ńsù. Ó ní kí lòun máa sọ tí olùkọ́ bá ní kí ló dé tóun ò fi bírò kọ èyí tó kù. Mo ní kó sọ pé wọn ò tíì rí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó pé.

Ó ní ṣé tí wọ́n bá rí i, òun á wá tún un kọ? Mo ní kó tọ́jú páálí náà.